Ẹ Jẹ́ Ká Lọ sí Àgbádárìgì: Ìgbafẹ́ Olówó Pọ́ọ́kú fún Òbí àti Ọmọ Tó Ti Dàgbà

         

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ fẹ̀yìntì kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi ni ìgbádùn ayé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Mo ní kí wọ́n foríjì mí, ó fẹ̀ jù. Owó ìfẹ̀yìntì wa, gbogbo wa la mọ bó ṣe tó, a sì mọ ìgbà tó máa ń dé. Mo wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú ẹyọ kan péré: bí bàbá tàbí ìyá ṣe lè bá ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà, ọmọ tó ti ń ṣiṣẹ́, tó tilẹ̀ lè ti ní ilé tirẹ̀, lọ sí etí òkun fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n gbafẹ́, kí ara wọn yá gágá, kí wọ́n sì padà wálé láìjẹ gbèsè. Wọ́n gbà fún mi.

Ohun tí mo sì wá sọ kò pọ̀. Owó kékeré kọ́ ló ń ba irú ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Owó kékeré a máa tún un ṣe, torí pé òun ló ń mú ẹni méjì jókòó kí wọ́n jọ ṣírò, kí wọ́n jọ fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n jọ dúró de ọkọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì jáde lẹ́nu wọn. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àṣẹ òbí àti ìgbéraga ọmọ. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ bá wí lónìí.

Ìgbà wo la jọ jáde kẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ má nawọ́ sókè, ẹ kàn dá a lóhùn nínú ara yín. Ìgbà wo ni ẹ̀yin àti ọmọ yín tó ti dàgbà jọ lọ síbì kan kẹ́yìn, tí kì í ṣe òkú, tí kì í ṣe ìgbéyàwó, tí kì í ṣe ìsọmọlórúkọ, tí kì í ṣe ọsibítù, tí kì í sì í ṣe àgọ́ àdúrà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn?

Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Àwa Yorùbá fẹ́ràn àtijáde, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí ló sábà máa ń mú wa jáde. Bí a bá dé ibẹ̀ tán, ọmọ á máa gbé ìrẹsì káàkiri, òbí á jókòó sábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ orin á máa pariwo, a ò sì ní bá ara wa sọ ju “ṣé o ti jẹun?” lọ. Kí a tó tún pàdé, òkú mìíràn ni.

Tí a bá dé orí fóònù ńkọ́? “Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ara le? Mo ti fi nǹkan kékeré sínú àkáǹtì yín o.” “O ṣeun, ọmọ mi. Olúwa á bù kún ọ.” Ó parí. Ọmọ ń fi owó ránṣẹ́, òbí ń fi àdúrà ránṣẹ́. Àwọn méjèèjì dára, ọlá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí òbí náà sọ iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe gan-an láti àárọ̀ dalẹ́, á ní “kọ̀ǹpútà ni.” Bí ẹ bá sì bi ọmọ léèrè ohun tó ń dá ìyá rẹ̀ lóorun dúró lóru, á ní “ó dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni.” Ọmọ tó ti pé ọdún márùndínlógójì, a ṣì ń fi ojú ọmọ Pírámárì Kẹta wò ó, òun náà sì ń wò wá bí ẹni tí a ò jẹ́ ọ̀dọ́ rí.

Àwọn ọmọ náà sì ń lọ. Kánádà ń pè, Lọ́ńdọ̀nù ń pè. Ìrìn-àjò tí ọ̀pọ̀ òbí bá ọmọ wọn rìn kẹ́yìn ni ti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, níbi tí ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì kò ti ní kọjá ẹnu géètì, tí àpótí, omijé àti ọlọ́pàá sì kún gbogbo ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ gidi níbẹ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó dé ni mo ní ká lọ sí etí òkun.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Àgbádárìgì?

Etí òkun pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí Bar Beach rí, ibẹ̀ ti yàtọ̀. Òkun jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì da iyanrìn sínú òkun láti gba ilẹ̀ padà, ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹlẹ́gúṣí àti Oníru wà ní apá Lẹ́kí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò ní rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, orin ni yóò gbọ́. Tarkwa Bay tòrò jù wọ́n lọ, omi rẹ̀ kò sì le, torí pé ẹ̀yìn ògiri òkúta tí àwọn òyìnbó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ló fara pamọ́ sí. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ìbá wù mí kí gbogbo olùkọ́ rí i. Àmọ́ òkun ti gba ilé púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, ibi tí ènìyàn ti ń sunkún ilé rẹ̀ kọ́ la ti ń lọ gbafẹ́.

Àgbádárìgì ni mo yàn. Ọ̀sà wà níwájú ìlú náà, òkun wà lẹ́yìn ọ̀sà, ìtàn sì kún ìgboro. Láti ojú ọ̀nà Marina tó wà létí ọ̀sà, ẹsẹ̀ lásán lè gbé yín dé ibi púpọ̀ láàárín òwúrọ̀ kan. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ń bẹ níbẹ̀, tí àwọn ajíhìnrere CMS fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé wà nínú ọ́fíìsì tí ìjọba òyìnbó kọ́ ní 1863. Ọjà Vlekete tí wọ́n ti ń ta ènìyàn kò jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ilé àwọn Mobee tí wọ́n kó ẹ̀wọ̀n àti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ayé ìgbà náà sí. Ibi tí igi Àgíà wà tẹ́lẹ̀, níbi tí ìwàásù àwọn Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ní 1842, òkúta ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Igi náà wó ní 1959. Ìlú àwọn Ògù ni, àwọn tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn. Wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa, wọ́n sì mọ àlejò í tọ́jú, ẹ ṣáà kí wọn kí ẹ tó béèrè ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì kàn jù. Samuel Àjàyí Crowther dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845. Abẹ́òkúta níbí ni òun àti àwọn ajíhìnrere ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó ti kọ́kọ́ gba àwọn ajíhìnrere tọwọ́tẹsẹ̀, papò dà, ogun sì dí ọ̀nà, ni wọ́n bá wà létí ọ̀sà yẹn fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Oṣù kẹjọ 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta. Kí oṣù yẹn tó parí, Àjàyí rí ìyá rẹ̀, Àfàlá. Ní 1821 ni wọ́n ti kó ọmọ náà lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni ìyá àti ọmọ kò fi fojú kan ara wọn. Ọmọdékùnrin tí wọ́n mú lọ ti di àlùfáà, ó ti di ọkọ, ó ti di bàbá ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá òun gbọ̀n nígbà tó rí òun, pé àwọn di ara àwọn mú, tí àwọn ò sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

Gbogbo wa la máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí wọ́n pàdé yẹn. Èmi máa ń ro ọjọ́ kejì rẹ̀. Àfàlá kò lè ní kí Àjàyí lọ wẹsẹ̀ kó wá sùn. Kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá a dé nígbà tó wà lọ́mọdé. Àgbàlagbà ọkùnrin kan ló jókòó níwájú rẹ̀, tó ní ìtàn tí kò mọ̀, ó sì di dandan kó kọ́ bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n. Àwa tí ọmọ wa ń gbé Ìkòròdú tàbí Bódìjà, tí kò sí ogun tó dí ọ̀nà wa, irú iṣẹ́ yẹn ló wà níwájú wa, a kàn ń sún un síwájú ni.

N kò ní fi gbogbo àkókò yín sọ ìtàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ọgbà Sẹ̀rìkí Williams Abass, tí wọ́n ń pè ní Brazilian Barracoon, níbi tí wọ́n ti ń há ẹrú mọ́ títí ọkọ̀ òkun yóò fi dé. Ọmọ Ìjògà Orílé ni Sẹ̀rìkí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ́mọdé, ó dé Brazil, ó gbọ́ èdè òyìnbó lóríṣiríṣi, ó padà wálé, òun náà sì di ẹni tó ń ta ẹrú. Ó kú ní 1919. Ìyá á ní ọkùnrin náà burú. Ọmọ á ní ohun tí ayé fi kọ́ ọ ló ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn títí oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbà wo ni wọ́n ti jiyàn kẹ́yìn lórí ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó?

Òdìkejì ọ̀sà ni Gberefu. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn kọjá, kì í sì í pẹ́. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn láàárín igi àgbọn, ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí ìtàn ìlú sọ pé wọ́n fi ipá mú wọn mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òpó ìrántí gíga tó kọjú sí òkun. Àlọ rámirámi là ń rí níbẹ̀, a kì í rí àbọ̀ rẹ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti gba físà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró níbẹ̀ kí ẹ máa sọ fún un pé òun náà ń lọ sóko ẹrú. Àwọn tí wọ́n kó kọjá níbẹ̀ kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ yín sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù níbi tó ń lọ, kí ẹ sì dákẹ́ kó lè dáhùn.

Ìgbafẹ́ la bá lọ, a ò lọ ṣọ̀fọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n parí àwọn ilé ẹ̀wọ̀n àti ọjà ẹrú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, nígbà tí ara ṣì le, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn lọ́sàn-án, kí wọ́n sì jókòó sétí ọ̀sà nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kejì ni ti Gberefu, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Bí ẹ bá ti rí òpó ìrántí tán, ẹ sún síwájú díẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ ra àgbọn, kí ẹ jẹ́ kí òkun ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára yín.

Ọ̀rọ̀ owó

Bàbá kan tí mo mọ̀, olùkọ́ bíi tiwa, ni ọmọbìnrin rẹ̀ mú lọ sí ilé ìtura ńlá kan létí òkun. Ọmọ náà fẹ́ ṣe ojúṣe rẹ̀, ó sanwó yàrá, kò sì sọ iye rẹ̀. Àfi bí bàbá ṣe gbé ìwé oúnjẹ tó rí iye tí wọ́n ń ta omi inú ike. Ó pa ìwé náà dé. Ó ní ebi kò pa òun. Búrẹ́dì tó rà ní Ṣàǹgó nígbà tí wọ́n ń lọ ló fi sùn. Ọmọ náà sunkún nínú yàrá tirẹ̀, bàbá náà kò sùn nínú yàrá tirẹ̀. Wọ́n padà wálé láìsọ̀rọ̀, owó oṣù ọmọ náà sì ti lọ.

Ta ló jẹ̀bi? Mo ní àwọn méjèèjì. Àṣà wa ni pé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń sanwó, òbí kì í béèrè iye tó jẹ́, ọmọ kì í sì í sọ. Fún òkú àti ìnáwó, bóyá ó dára bẹ́ẹ̀. Fún ìgbafẹ́ ẹlẹ́ni méjì, májèlé ni. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ta ló sì máa mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ nígbà tí wọn kò sọ iye fún un?

Ohun tí mo dábàá ni àjọ ẹlẹ́ni méjì. Kí òbí àti ọmọ jọ máa dá a lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà. Kò pọn dandan kí ó dọ́gba. Bí ọmọ bá ń dá ₦10,000, tí òbí sì ń dá ₦3,000 nínú owó ìfẹ̀yìntì, ₦78,000 ni yóò wà nílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bóyá yóò tó tàbí kò ní í tó, ọjà ọjọ́ yẹn ló máa sọ, ẹ lè fi kún un. Ṣùgbọ́n ₦3,000 òbí yẹn ṣe pàtàkì ju iye tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ẹni tó dá àjọ lẹ́nu nínú rẹ̀. Ó lè ní “ilé ìtura yìí wọ́n jù” láìjẹ́ pé ó ń ṣe aláìmoore.

Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ dì í sápò ọ̀tọ̀, torí pé ẹni tí kò lówó àbọ̀ kò gbafẹ́, ó sá lọ ni. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ tì í síbì kan, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án àfi fún ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ọkọ̀ tó bàjẹ́. Ìyókù ni ti ibùsùn, oúnjẹ, ọkọ̀ ojú omi àti ẹni tó máa mú yín káàkiri. Ẹ pe ilé ìtura lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ béèrè iye tí yàrá jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń pa á, kí ẹ sì béèrè bóyá omi ń yọ nínú ẹ̀rọ. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ sàn ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ fún gbogbo rẹ̀. Àwa fẹ̀yìntì, ọjọ́ gbogbo ni tiwa. Kí ọmọ tọrọ ààyè ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Àjíǹde, Iléyá àti Kérésìmesì, ìgbà tí gbogbo Èkó máa ń tú dà sétí omi.

Ìyá àti ọmọbìnrin lè pín yàrá kan. Bàbá àti ọmọkùnrin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìhanrun bàbá kò bá le jù. Bàbá àti ọmọbìnrin, ìyá àti ọmọkùnrin, ẹ gba yàrá kéékèèké méjì, kí ẹ dín oúnjẹ kù. Ẹ di gàrí àti ẹ̀pà dání láti ilé. Àgbọn pọ̀ ní Àgbádárìgì ju ibi tí ẹ ti ń bọ̀ lọ; gàrí tútù àti àgbọn lọ́sàn-án lábẹ́ igi, kò sí ilé ìtura ńlá tó ní irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kìíní jẹ́ oúnjẹ gidi kan, ẹja tútù tàbí akàn, tí ẹ jọ yàn, tí ẹ sì béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kaná.

Ọ̀nà, omi àti ojú ọjọ́

Jọ́gíráfì ni mo kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé, ẹ ó ṣe sùúrù fún mi níbí.

Láti Abẹ́òkúta, ọkọ̀ ojú irin tó ti ń rìn láti 2021 lè gbé òbí láti ibùdókọ̀ tó wà ní Ládérìn lọ sí Èbúté-Mẹ́ta láìrí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ṣàǹgó. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú irin mìíràn, Blue Line, ń lọ láti Marina dé Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án 2023. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, wọn kì í gba owó lọ́wọ́. Bí ọmọ bá ń gbé Èkó, kí wọ́n pàdé ní Mile 2, kí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì níbẹ̀. Ẹni tó bá ní mọ́tò lè gba Àtàn já sí Agbárá, kó kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, òjò kì í jẹ́ kí ibẹ̀ gbádùn. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ni, àwọn aṣọ́bodè, ìmígíréṣọ̀n àti ọlọ́pàá pọ̀ lójú rẹ̀, ẹ má bá wọn jà, ẹ kí wọn.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Omi etí òkun Àgbádárìgì kì í ṣe omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ìgbì tó ń ṣẹ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín ti rìn wá láti ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, kò sí erékùṣù tó dá a dúró lọ́nà, etíkun wa sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀, ibi kan náà ni gbogbo agbára rẹ̀ ti ń jáde. Omi tó bá gorí iyanrìn gbọ́dọ̀ padà, bó bá sì ń padà, ó lè fa àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí omi má kọjá orúnkún yín. Ọmọ tó bá ní òun kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú adágún ilé ìtura, ẹ kí i kú iṣẹ́, ẹ sì di aṣọ rẹ̀ mú. Lórí ọ̀sà, ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò bá ní ẹ̀wù agbéniléfòó fún ẹni kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì so ó mọ́ra dáadáa. Bí awakọ̀ bá ní “kò jìnnà,” ẹ dá a lóhùn pé ẹ gbọ́.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dára jù, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ lè mú kí ojú sánmọ̀ ṣú, àmọ́ ilẹ̀ gbẹ, ọ̀nà sì ṣeé rìn. Ẹ má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fìlà, omi mímu àti bàtà pẹlẹbẹ.

Àwọn kan yóò ní ṣé kí àwọn má kúkú kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin, sí Àjàṣẹ́ tàbí Ouidah, níbi tí wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá kan sí létí òkun ní 1995 fún ìrántí àwọn ẹrú. Òfin ECOWAS gba ọmọ Nàìjíríà láàyè láti lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà, pípààrọ̀ owó sí sẹfá àti wàhálà ẹnubodè yóò gba ààyè tó yẹ kí ọ̀rọ̀ gbà. Ẹ jẹ́ kí ó di ìrìn-àjò kejì.

Ta ló ń pàṣẹ?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A máa ń pa òwe yìí ní gbogbo ìpàdé, a kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé yan ibi tí a ó ti jẹun. Ohun tí mo dábàá nìyí: ọmọ ló ni ọjọ́ kìíní, òbí ló ni ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ ọmọ, ibi tó bá ní ká lọ la ó lọ, ìgbà tó bá ní ká jí la ó jí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rò ó pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àdúrà aago márùn-ún. Ẹ rọra gbà á lórí ibùsùn yín. Ọlọ́run Àgbádárìgì kò ya adití.

Ní ọjọ́ òbí, ọmọ á tẹ̀lé wọn láìbojú wo aago. Bí ìyá bá fẹ́ jókòó wo àwọn apẹja títí ọ̀sán, ó ti di dandan.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ìbéèrè kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sílé: “Ìgbà wo lo máa mú ọkọ wálé?” “Ìgbà wo la máa gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n?” “Ilé tí o ní o máa kọ́ ńkọ́?” Wọ́n ti gbọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ṣe tó wú wọn lórí hàn yín. Kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín: ìlú oko tí ìjọba kọ́kọ́ gbé yín lọ kọ́ni, ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́ kí ẹ tó fẹ́ bàbá wọn, ohun tí ẹ fẹ́ dà tí ẹ kò dà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún wa. A ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró níwájú kíláàsì bí ẹni tí kò ṣiyè méjì rí. Ṣùgbọ́n létí òkun, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin náà, ẹ fi fóònù yín sínú báàgì. Ẹ má máa di òbí yín lápá mú lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ bí aláìsàn. Ẹ má sì sanwó gbogbo nǹkan. Bí màmá yín bá tú owó nídìí ìró pé àwọn fẹ́ ra àgbọn fún yín, ẹ má ní “ẹ jẹ́ kí n san án.” Ẹ gbà á, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní “ẹ ṣé, mà.” Obìnrin náà ti ń ra nǹkan fún yín kí ẹ tó mọ owó í kà. Bí ó bá sì rẹ̀ wọ́n lágbedeméjì ìrìn, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ pé ó ti rẹ̀ yín, kí gbogbo yín lè jókòó.

    Ọmọ mi obìnrin wà ní ìlà kẹta. Òun ló ka ìwé yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, òun ló sì ní kí n yọ ìtàn ìhanrun bàbá rẹ̀ kúrò.